Ilẹ̀kùn Tó Dùbúlẹ̀

Lánàá, kí àwa ará ààfin tó jókòó tán, ẹjọ́ kan ti jókòó dè wá.

Ìyá àgbà kan ló gbé e wá. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìntì. Ó so tìmùtìmù kéékèèké méjì mọ́ orúnkún rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí orúnkún kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tẹ̀lé e wọlé, ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n, obìnrin ni àbúrò. Ọ̀kan gba igun ọ̀tún lọ, èkejì gba igun òsì, bí ẹni pé wọn ò ti ilé kan náà jáde láàárọ̀ yẹn. Èmi ni akọ̀wé ààfin. Mo ṣí ìwé mi.

Baálẹ̀ wo ìyá náà. "Ìyá, ta lẹ pè lẹ́jọ́?"

"Àwọn ọmọ mi ni."

"Àwọn méjèèjì?"

"Mi ò lè pe ọ̀kan, Baálẹ̀. Bí mo bá pe ọ̀kan, èkejì á ní mi ò ka òun sí."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣe."

"Ṣé ilẹ̀kùn náà ò dáa ni?"

"Ó dáa. Pákó rẹ̀ dáa, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó kàn mí dé itan ni."

"Fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Màlúù méjì lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n bá mọ bí a ṣe ń rákò."

Ìjòyè kan wà nínú ìgbìmọ̀ tó jẹ́ olùkọ́ kó tó joyè, Olóyè Tísà là ń pè é. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Ìyá, inú yàrá wo ni ilẹ̀kùn yìí wà?"

"Yàrá mi ni, sà. Àtẹ̀gùn ilé wa ti ń ni mí lára, ni wọ́n bá kọ́ yàrá tuntun fún mi nísàlẹ̀, kí orúnkún mi lè sinmi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti ń fi orúnkún náà rìn wọ yàrá. Adìẹ a máa bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, ìgbéraga ló ń ṣe é. Tèmi kì í ṣe ìgbéraga. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí."

Mo kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀. Baálẹ̀ ní kí ọmọkùnrin náà dìde. Ó dìde, ó ga dáadáa.

"Báwo ni ilẹ̀kùn ṣe rí báyìí?"

"Baálẹ̀, bàbá wa ló fi ṣọ́ọ̀bù ìgégi sílẹ̀ fún wa. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí la ra ẹ̀rọ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ilẹ̀kùn màámi ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Àbúrò mi ló kọ èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ bó ṣe máa gé pákó. Ètò tèmi á pe ètò tiẹ̀, á fi nọ́ńbà méjì ránṣẹ́ sí i, gíga ilẹ̀kùn àti fífẹ̀ rẹ̀. Ó tán."

"Ó rọrùn," Baálẹ̀ ní.

"Ó rọrùn gan-an. Àmọ́ èdè kọ̀ǹpútà méjì ni. Èdè tí mo fi kọ tèmi kọ́ ló fi kọ tiẹ̀."

"Kí ló fà á?"

Àbúrò dáhùn láti igun tiẹ̀, ojú Baálẹ̀ nìkan ló ń wò. "Èdè tiwọn ń falẹ̀, Baálẹ̀. Bí ẹ bá ní kó gé pákó, á kọ́kọ́ ronú."

"Èdè tiẹ̀ kì í ronú rárá," ni ẹ̀gbọ́n sọ fún Baálẹ̀. "Bí ẹ bá ní kó gé ọwọ́ yín, á gé e."

"Á gé e kíá," àbúrò ní.

Olóyè Tísà gbé ọwọ́ sókè. "Nínú èdè méjèèjì, èwo ni mo gbọ́?"

"Ẹ ò gbọ́ ìkankan, sà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ máa bá a lọ."

Baálẹ̀ bi ẹ̀gbọ́n pé ṣé ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi.

"Mi ò jẹ̀bi. Kò tiẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn ò kúrú. Mítà méjì ni mo ní kó jẹ́, mítà méjì náà ló jẹ́. Ó dùbúlẹ̀ ni."

"Ó dùbúlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, a kì í sọ pé ó ti kúrú."

Baálẹ̀ yíjú sí àbúrò.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò jẹ̀bi, Baálẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi ni mo gé. A ò kọ́ mi nílé láti máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò."

"Ilẹ̀kùn tó ga tó tébù, tó sì gùn tó bẹ́ẹ̀dì, kò yà ọ́ lẹ́nu?"

"Ó yà mí lẹ́nu. Mo rò pé wọ́n ní ìdí tiwọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń ní ìdí fún gbogbo nǹkan."

"O ò lè bi í?"

Ìyá wọn ló fèsì.

"Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, Baálẹ̀. Ó di ọdún méjì."

"Kí ló dé láàárín wọn?"

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. "Oṣù tí bàbá wa kú la fẹ́ yan èdè tí a máa fi kọ ètò ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ká lo tèmi. Ó ní ká lo tiẹ̀. Mo ní tiẹ̀ ti darúgbó. Ó ní bàbá wa náà darúgbó, a ò torí ẹ̀ gbé e sọnù. Mo wá ní," ó mí kanlẹ̀, "mo ní bàbá ti kú."

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn," àbúrò ní.

Fáànù òkè ń yí, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ béèrè pé ta ló wá ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ láti ọdún méjì.

Àwọn méjèèjì wo ìyá wọn.

"Èmi ni," ìyá ní. "Inú yàrá kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù sáàárín. Èmi ni mò ń yípo kọ́bọ́ọ̀dù. 'Màámi, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òtútù ń mú mi, kí wọ́n pa fáànù.' Mo yípo. 'Màámi, ẹ sọ fún un pé kó wọ súwẹ́tà.' Mo yípo padà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè jù lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ mi ló ń rù ú."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà?"

"Èmi ni."

Àbúrò sún síwájú. "Mo béèrè, Baálẹ̀. Mo rán màámi sí wọn pé nínú nọ́ńbà méjèèjì, èwo ló ṣáájú."

"Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi," ìyá ní.

"Mo fèsì," ẹ̀gbọ́n ní. "Mo ní gíga ló ṣáájú. Òtítọ́ sì ni. Gíga ni mo kọ́kọ́ ń kó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń gbé fífẹ̀ lé e lórí."

"Mo gbé èsì náà lọ bó ṣe wà," ìyá ní. "Mi ò bù lára rẹ̀, mi ò fi iyọ̀ sí i."

"Màámi ní gíga ló ṣáájú," ni àbúrò ní. "Èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, òun ni mo fi ṣe gíga."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ ra àgbọ̀n. "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ sọ òtítọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A jẹ́ pé ilẹ̀kùn nìkan ló purọ́."

"Èmi tiẹ̀ kọ orúkọ sára wọn," ẹ̀gbọ́n ní. "Nínú èdè tèmi, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ orúkọ. Mo pe ọ̀kan ní gíga, mo pe èkejì ní fífẹ̀."

"Orúkọ kì í sọdá, Baálẹ̀," ni àbúrò ní. "Ẹnu ibodè ni wọ́n ń bọ́ ọ sílẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ mi, níhòòhò. Ipò tó bá wà ni mo fi ń mọ ohun tó jẹ́."

Baálẹ̀ ní kí n wá àpò kan wá. Mo mú àpò tóóró tí a fi ń kó ìwé ààfin wá, ó jìn. Baálẹ̀ ṣí fìlà, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó kó méjèèjì lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́.

"Kó wọn sínú àpò. Fìlà ni kó ṣáájú."

Ẹ̀gbọ́n fi fìlà sínú, ó gbé bàtà lé e. "Fìlà ló ṣáájú, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ ní kó gbé àpò fún àbúrò rẹ̀. Ó gbé e fún ìyá wọn, ìyá ló gbé e fún àbúrò.

"Èyí tó ṣáájú," Baálẹ̀ sọ fún un, "orí Olóyè Tísà ni ibùgbé rẹ̀. Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mú èyí tó bá kọ́kọ́ bá ọ lọ́wọ́, kí o dé e fún wọn."

Obìnrin náà ti ọwọ́ bọ àpò. Bàtà ló jáde. Ó wo bàtà, ó wo Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, bàtà ni."

"A ò kọ́ ọ nílé láti máa yẹ ọ̀rọ̀ àgbà wò."

Ó rìn lọ bá Olóyè Tísà, ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó gbé bàtà lé e lórí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Báwo ló ṣe rí?" Baálẹ̀ bi í.

"Ó fún díẹ̀," Olóyè Tísà ní.

Nítorí pé Baálẹ̀ ò sọ pé kó ṣí i, kò ṣí i.

Baálẹ̀ yíjú sí àwọn ọmọ náà. "Fìlà ló ṣáájú wọlé. Bàtà ló ṣáájú jáde. Ọ̀rọ̀ kan náà ni 'ṣáájú', àmọ́ ìwọ ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́nu àpò nígbà tí ẹrù ń wọlé, ìwọ àbúrò dúró nígbà tó ń jáde. Ó ti yé mi. Ó ku ògiri. Ta ló fi ilẹ̀kùn yìí sí ara ògiri?"

Bíríkìlà kan dìde lẹ́yìn. A ti pè é wá ṣe ẹlẹ́rìí.

"Èmi ni, Baálẹ̀. Mo fi ìwọ̀n ṣe é. Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ jáku-jàku."

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Ojú ni."

"Téèpù ńkọ́?"

"Ojú mi ti pẹ́ ju téèpù lọ lẹ́nu iṣẹ́."

"Kí ni ojú náà sọ fún ọ?"

"Ó ní ilẹ̀kùn yìí jọ ti ilé adìẹ. Àmọ́ èmi kì í bá ilẹ̀kùn jiyàn. Ògiri ló ń tẹ̀lé ilẹ̀kùn."

"O ò bi ìyá tó ni yàrá?"

"Wọn ò sí nílé, Baálẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣe é, èmi nìkan ló wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú. Ọpẹ́lọpẹ́ omi tútù tí wọ́n ń gbé fún mi."

"Ta ló ń gbé omi fún ọ?"

"Ìyá ni."

"Ìyá tí kò sí nílé?"

Bíríkìlà gbé ìwúwo ara rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. "Wọ́n wà nílé. Àmọ́ wọn ò sọ nǹkan kan."

"Nǹkan kan báwo?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan ju pé kí n fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, 'Ìyá, ẹ máa rákò o.' Wọ́n ní àwọn mọ̀."

Àwọn ọmọ méjèèjì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá wọn ń tún ìdí gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ìyá," Baálẹ̀ rọra pè é, "ẹ rí i kó tó wọ ara ògiri?"

"Ojú mi ò fọ́, Baálẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni mo ti rí i."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ gbà á?"

"Mo ní tí wọ́n bá rí mi lórí ìkúnlẹ̀, wọn á bá ara wọn sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ì báà ṣe èébú. 'Ìwọ lo fà á.' 'Rárá, ẹ̀yin ni.' Mo ti ń retí ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi ọkùnrin ra kápẹ́ẹ̀tì rírọ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi obìnrin rán tìmùtìmù orúnkún fún mi. Ẹ wò ó, ó mọ̀ ọ́n rán. Wọ́n tọ́jú mi, Baálẹ̀. Mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n tọ́jú mi gan-an ni, wọn ò sì sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Àbúrò ń wo ara ògiri níbi tí kò sí nǹkan kan.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Ìyá," ni Baálẹ̀ ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ pẹjọ́ náà jẹ̀bi."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi pè é nìyẹn. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó máa pè mí lẹ́jọ́."

Ìgbìmọ̀ forí korí. Ó ṣòro díẹ̀ nítorí bàtà. Nígbà tí wọ́n tú ká, Baálẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga.

"Bíríkìlà, láti òní títí di oṣù mẹ́ta, téèpù á máa wà lọ́rùn rẹ níbikíbi tí o bá ń lọ, títí kan ibi àdúrà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé kí nìyẹn, kí o wọ̀n ọ́n.

"Ìyá, a ti gba ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu yín: 'ó ní' àti 'wọ́n ní'. Ọjọ́ tí ẹ bá tún gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kan lọ bá èkejì, ilẹ̀kùn yẹn á di tiyín títí ayé.

"Ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ó kó tébù yín méjèèjì lọ sínú yàrá ìyá yín lónìí. Kọ́bọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ bá yín lọ. Ẹ ó kojú sí ara yín. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn lẹ ó máa gbà wọlé, ibẹ̀ lẹ ó máa gbà jáde, láìsí kápẹ́ẹ̀tì, láìsí tìmùtìmù, títí ilẹ̀kùn tó dúró yóò fi ti ara ẹ̀rọ yín jáde. Inú yàrá ìwọ ẹ̀gbọ́n ni ìyá yín á ti máa sùn. Ohunkóhun tí ẹnì kan bá fẹ́ fún ẹnì kejì, ì báà ṣe nọ́ńbà, ì báà ṣe ife omi, orúkọ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dá. Kí ẹ jọ kọ ọ́ sínú ìwé kan: kí ló ń sọdá, èwo ló ń ṣáájú wọlé, èwo ló ń ṣáájú jáde. Kí ẹ̀yin méjèèjì tọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Baálẹ̀," ẹ̀gbọ́n ní, "ẹ jọ̀ọ́, mo ga."

"Dùbúlẹ̀. A kì í sọ pé ẹni tó dùbúlẹ̀ ti kúrú."

Àbúrò gbìyànjú tiẹ̀. "Tébù wa ò lè gba ibẹ̀. Màámi, ẹ bá mi sọ fún—"

Ìyá rẹ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Baálẹ̀ ní ẹjọ́ parí. Ó rán mi tẹ̀lé wọn kí n lọ rí i pé wọ́n ṣe é bí a ṣe dá a.

Nílé wọn, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tébù méjèèjì lélẹ̀, wọ́n sì tì wọ́n wọlé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wọn. Wọ́n wá dúró síwájú ilẹ̀kùn náà. Ìyá jókòó sórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi náà jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n nawọ́ pé kí àbúrò máa lọ níwájú. Àbúrò sún sẹ́yìn, nítorí pé àgbà ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n tún nawọ́. Ó tún sún sẹ́yìn. Ó pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ojú ilẹ̀kùn ló ń wò, ó sì dá orúkọ gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́.

"Gíga, sẹ̀ǹtímítà márùndínlọ́gọ́rin."

Àbúrò fèsì. "Fífẹ̀, mítà méjì."

Wọ́n wò ó.

"Ó gba èèyàn méjì," ẹ̀gbọ́n ní.

"Ó gbà á, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì jọ rákò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ò ṣáájú èkejì.

Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí ibi tí wọ́n máa kọ gíga sí nínú ìwé. Ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sórí èdè tó ń falẹ̀ àti èdè tí kì í ronú. Ó kúrò níbẹ̀, ó dé orí bàbá wọn. Níbẹ̀ ohùn obìnrin náà já, ohùn ọkùnrin náà sì rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó sọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ariwo tún gbéra. Mo dìde kí n lọ là wọ́n. Ìyá di etí agbádá mi mú, ó fà mí jókòó.

Ìwé wọn dé ààfin láàárọ̀ yìí. Ìlà mẹ́rin ni, ọwọ́ méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fúnra mi lọ wo ilẹ̀kùn tuntun tí wọ́n jókòó sínú yàrá rán ẹ̀rọ gé. Mítà méjì ló ga, ó dúró ti ara ògiri, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Bíríkìlà, tó gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù tó sì kùn ún, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọn èmi náà. Ó ní òun lè fi í síbẹ̀ kí ọjọ́rọ̀ tó dé, àwọn tó wà nínú yàrá ni kò tíì jáde.

Mo lọ bá Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bi í pé ṣé kí n pè wọ́n jáde, kó lè padà sí yàrá rẹ̀.

Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò tíì jà tán.